Ìdí Tí Ọrùn Òdòdó Orí-Igi Fi Ń Yà Sí Ojú Fèrèsé

Nígbà láéláé, nígbà tí ewéko àti ènìyàn ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, tí àgbàdo lè bú olóko rẹ̀ kí ẹnu má sì ya ẹnikẹ́ni, òdòdó kan wà tí kì í fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Orí ẹ̀ka igi àfọ̀n ni wọ́n bí i sí. Díẹ̀ nínú gbòǹgbò rẹ̀ di ẹ̀ka mú, ìyókù ń fì nínú afẹ́fẹ́ bí ẹsẹ̀ ọmọdé tó jókòó sórí àga gíga. Òdòdó Orí-Igi ni wọ́n ń pè é.

Ẹ má pè é ní àfòmọ́ o. Àfòmọ́ a máa jẹ nínú oúnjẹ igi, òun kì í jẹ. Ìrì àti òjò ni tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà, ẹ pè é ní àfòmọ́ létí rẹ̀.

Láyé ìgbà náà, ọ̀pá tí òdòdó rẹ̀ ń yọ lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ọrùn rẹ̀, máa ń dúró ṣánṣán bí ọrùn ẹni tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ tuntun. Kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ó lẹ́wà, ó sì mọ̀. Mímọ̀ yẹn ni wàhálà.

"Màmá, ta ló ń wò mí níbí?" ló máa ń ráhùn. "Ọ̀bọ! Ṣé ojú ọ̀bọ ni ojú tí à ń ṣe ẹwà fún?"

Ìyá rẹ̀, tó wà lórí ẹ̀ka kan náà, á ní, "Oòrùn ń wò ọ́ ní àràárọ̀. Ó ti tó."

Kò tó o. Ta ni oòrùn kì í wò? Ó ń wo ọ̀pọ̀lọ́ náà.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó tuntun kan ń kọjá lọ sílé ọkọ. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ó ń sun ẹkún ìyàwó, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbè é. Ẹkún náà dùn débi pé àwọn tó ń gbè é gbàgbé pé ẹkún ni. Nígbà tó dé abẹ́ igi àfọ̀n, ó gbójú sókè, ẹkún sì dá lẹ́nu rẹ̀.

"Áà, arẹwà! Irú ìwọ yìí, kí lò ń ṣe láàárín ọ̀bọ?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Òdòdó lára bí àdí. Bí ẹnì kan bá sọ ohun tí a ti ń sọ fún ara wa, kíá la máa ń gbà pé ọlọ́gbọ́n ni.

"Tẹ̀ lé mi," ni Àwẹ̀ró wí. "Mi ò mọ ẹnì kankan nílé tí mò ń lọ. Bí mo bá ń rí ìwọ tó ti ọ̀nà ilé wa wá, ọkàn mi á balẹ̀."

Ìyá Òdòdó na gbòǹgbò kan, ó fi di ọmọ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, inú ilé kò ní àárọ̀. Ògiri ló ní."

"Màmá, mo kàn fẹ́ lọ wò ó ni. Màá padà."

Màá padà! Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọmọ fi ń tan ìyá wọn nìyẹn. Ọbẹ̀ tí ìyá gbé sílẹ̀ dè wọ́n ti kan.

Àwẹ̀ró gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dé ilé ọkọ. Àṣà ni pé ìyàwó kì í wọlé láìjẹ́ pé wọ́n fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyálé ilé, obìnrin tó dàgbà jù nínú agbo ilé náà, gbé igbá omi jáde. Ó ń da omi sí Àwẹ̀ró lẹ́sẹ̀, gbogbo ojú sì wà lára Àwẹ̀ró. Kò sí ojú kan ṣoṣo lára Òdòdó.

Èyí bí i nínú. Ó na gbòǹgbò jáde nínú apẹ̀rẹ̀. "Ẹ ò rí ẹsẹ̀ tèmi ni? Ẹ wẹ tèmi náà!"

Àwọn obìnrin ilé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo ìyàwó aláwọ̀ ewé! Ọkọ dà?"

Ìyálé ilé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ, ṣé o mọ ohun tí ò ń bèèrè? Ẹsẹ̀ tí omi yìí bá kàn, ilé yìí ló di ilé rẹ̀. Kì í tún padà lọ gbé ibi tó ti wá."

Ṣùgbọ́n ariwo pọ̀, Òdòdó sì ń wo àwọn tó ń wò ó. "Ẹ ṣáà dà á, Ìyá!"

Wọ́n dà á. Gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ ló rin gbingbin.

Wọ́n gbé e sínú ìkòkò ní kọ̀rọ̀ yàrá. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo ará ilé ń wá wò ó, aládùúgbò ń wá. Kò pẹ́, ojú wọn mọ́ ọn. Ẹ mọ ọmọ aráyé: ohun tí wọ́n yìn láàárọ̀, wọ́n á fi fìlà kọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Láòsebìkan, ọkọ Àwẹ̀ró, fi fìlà kọ́ ọ lọ́rùn lóòótọ́.

Àárò wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Òdòdó. Àárò ìrì sọ ọ́. Àárò bí ẹ̀ka ṣe máa ń mì nígbà tí ẹyẹ bá bà sọ ọ́. Àárò oòrùn àkọ́yọ sọ ọ́, tó máa ń kọ́kọ́ kan ìyá rẹ̀ kó tó kan òun, bí ọmọ tó mọ̀ pé àgbà là ń kọ́kọ́ kí. Kí n má parọ́ fún yín, àárò ọ̀bọ pàápàá sọ ọ́.

Ó ní òun ń lọ. Ó fa ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbé. Gbòǹgbò rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ìkòkò pinpin.

Ọmọńlé, tó ń gbé lára ògiri, rẹ́rìn-ín débi pé ìrù rẹ̀ fẹ́ já. "Ìyàwó aláwọ̀ ewé! Ṣebí ìwọ lo ní kí wọ́n dà á? Wọ́n ti wẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó ti parí. Wo èmi. Ibí ni wọ́n bí mi sí, mi ò mọ ibòmíràn, mo sì sanra."

"Ọmọńlé, ẹsẹ̀ mi ni wọ́n wẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ rẹ ni."

"Wọ́n wẹ ọrùn mi bí?"

Ọmọńlé ronú, ohun tí kò mọ́ ọn lára. "Wọn ò wẹ ọrùn rẹ."

"Ó dáa."

Láti ìgbà náà, Òdòdó ń na ọrùn lọ síbi ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé, díẹ̀díẹ̀. Àwẹ̀ró rí i, ó bínú.

"Kí ló dé tí o ń kẹ̀yìn sí wa? Ṣé ilé mi kò dára ni?"

Ó yí ìkòkò padà kí Òdòdó lè kọjú sí yàrá. Òdòdó yí ọrùn padà sí fèrèsé. Àwẹ̀ró tún yí i. Òdòdó náà tún yí ọrùn padà.

"Olóríkunkun!"

"Àwẹ̀ró, ìwọ náà, ta lò ń wò nígbà tí o bá wá dúró lójú fèrèsé yìí, tí o ní afẹ́fẹ́ lò ń gbà?"

Àwẹ̀ró wo ọ̀nà tó lọ sí ìlú wọn. Kò fọwọ́ kan ìkòkò náà mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Afẹ́fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé. Afẹ́fẹ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi pẹ̀lẹ́ jíṣẹ́. "Ìyá rẹ kí ọ. Ó ti ń gbẹ. Ó ní òun fẹ́ rí ọ kí òun tó já bọ́."

Òdòdó na ọrùn títí orí rẹ̀ fi kan igi fèrèsé. Kò lè nà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó yẹ kó tanná, kò tanná. Níbi tí òdòdó ti yẹ kó yọ lára ọrùn rẹ̀, ewé kékeré ló yọ. Lẹ́yìn ewé, gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ yọ.

"Ẹ gbà mí o!" ni Ọmọńlé ké. "Ó fi ọrùn bímọ!"

"Wo ẹsẹ̀ ọmọ náà dáadáa," ni Òdòdó wí. "Ǹjẹ́ omi ti kàn án?"

Ọmọńlé sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri wá wò ó fínnífínní. Kò ṣe irú rẹ̀ rí.

Àwẹ̀ró náà ti bímọ nígbà náà, ó sì ń gbé ọmọ lọ han àwọn òbí rẹ̀. Òdòdó ní, "Abẹ́ igi àfọ̀n lo máa gbà. Jọ̀wọ́, gbé tèmi dání."

Àwẹ̀ró rọra já ọmọ náà kúrò lọ́rùn ìyá rẹ̀. Ó pọn tirẹ̀ sẹ́yìn, ó fi ewé wé ti Òdòdó, ó gbé e mọ́ àyà. Nígbà tó dé abẹ́ igi àfọ̀n náà, Ọ̀bọ, tí a ti ń bú bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ló sọ̀ kalẹ̀ wá gbà á. Ó gbé e gòkè, kò sì bu ewé kankan jẹ lára rẹ̀.

Ewé kan ló kù lára ìyá Òdòdó, tó ti di ìyá àgbà. "Ta nìyí?"

"Ọmọ ọmọ yín ni, Màmá," ni ọmọ náà dáhùn.

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ti ń bọ̀ láti ọjọ́ yìí. Ó ní èmi ni ibi tí òun rìn dé."

Ìyá àgbà fi ewé kan ṣoṣo náà ṣíji bo ọmọ náà lórí, nítorí oòrùn ti ń mú.

Láti ọjọ́ náà ni ọrùn Òdòdó Orí-Igi kì í ti í nà tọ́ mọ́ bí wọ́n bá gbé e sínú ilé. Ojú fèrèsé ló máa ń yà sí. Bí ẹ bá ń yí ìkòkò rẹ̀ kiri, ọrùn náà á wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ọ̀nà oko. Nígbà mìíràn, á fi òdòdó sílẹ̀, á so ọmọ sára ọrùn. Àwọn kan a máa fi okùn dè é mọ́ igi, kó lè dúró ṣánṣán fún àlejò. Kì í bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ṣóńṣó orí rẹ̀ lókè ibi tí okùn mọ: ó ti yà.