Ìjàpá Àti Ìlà Ìdí Ìkòkò Òòrẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Kí ni ohun tó jẹ́ tiwa, tí àwọn ará ìta ń lò jù wá lọ?

Orúkọ!

Ẹ gbà á, ẹ káre! Orúkọ ló fa ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò fún yín. Àlọ́ mi ń yí bọ̀ gbirigbiri, ó ń yí bọ̀ gbirigbiri, ó forí sọ ìkòkò, gbàgà! Ó di ti Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, àti Òòrẹ̀ amọ̀kòkò.

Ní ìlú àwọn ẹranko, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń mọ ìkòkò bíi ti Òòrẹ̀. Bí ó bá ti mọ ọ́n tán, á fa ẹ̀gún kan yọ lẹ́yìn ara rẹ̀, á fi fa ìlà mẹ́ta sí ìdí ìkòkò náà: ṣà, ṣà, ṣà. Lẹ́yìn náà, á gbé e sí ibòji títí yóò fi gbẹ dénú, kó tó fi iná sun ún. Ìyàwó ilé tó bá dé ọjà, ìdí ìkòkò ló kọ́kọ́ ń yí wò. Bó bá ti rí ìlà mẹ́ta, kò tún bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́.

Àṣà kan wà ní ìlú náà. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá ní àmì yóò gbé e lọ síwájú Kìnnìún ọba, Àkùkọ akéde yóò sì ké e káàkiri ìlú. Àmì tí Àkùkọ bá ti ké, ti ẹni tó gbé e wá ni. Gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ló ti lọ. Òòrẹ̀ nìkan ni kò lọ.

"Ta ni kò mọ̀ pé tèmi ni?" ni Òòrẹ̀ máa ń wí. "Ta ló tún ní ẹ̀gún lẹ́yìn?"

Lọ́jọ́ kan, Ìjàpá yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Òòrẹ̀."

"Kí lo fẹ́, Ìjàpá? Mi ò tíì se oúnjẹ."

"Ẹ wo bí ẹ ti ń ṣe mí! Mo wá kí yín ni. Ìlà yìí mà dára o! Ṣé Àkùkọ ti ké e?"

"Mi ò tíì ráyè. Bó bá dọ̀la, n ó lọ."

"Ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ̀yin tí gbogbo ayé mọ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gún tó já bọ́ sílẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n mú un. Mo fẹ́ máa fi tayín."

Òòrẹ̀ wò ó lẹ́nu. "Eyín wo, Ìjàpá?"

"Èyí tó ń bọ̀ ni, Ìyá. Ó ti wà lọ́nà."

Òòrẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kó mú un.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Ọwọ́ Òòrẹ̀ ṣì wà nínú amọ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn Àkùkọ:

"Ẹ gbọ́ o, ará ìlú! Ìlà mẹ́ta ìdí ìkòkò, ti Ìjàpá ni o! Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fà á mọ́ o!"

Amọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Òòrẹ̀. Ó sáré, ẹ̀gún rẹ̀ dúró ṣánṣán, títí ó fi dé ilé Ìjàpá. Ìjàpá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ẹ̀gún ta eyín tí kò sí.

"Ìjàpá! Àmì mi dà?"

"Àmì ta ni? Ẹ rọra o, Ìyá. Àná ló jẹ́ tiyín."

Lóòótọ́, òfin ìlú wà lẹ́yìn Ìjàpá. Òòrẹ̀ gbé ìkòkò tí kò nílà lọ sọ́jà. Ẹfọ̀n yí ọ̀kan wò, ó gbé e kalẹ̀.

"Ìkòkò tí kò nílà, ta ló mọ baba tó bí i?"

Ó kọjá lọ sídìí àtẹ Ìjàpá. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń kọjá. Òòrẹ̀ ru ẹrù rẹ̀ padà sílé bó ti rù ú wá. Àwọn ọmọ rẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà ṣófo. Ó wá yé e pé bí àmì náà kò bá padà wá, iṣẹ́ tí ìyá òun fi lé òun lọ́wọ́ ti parí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Ìjàpá kò ní sùúrù. Ó ń mọ ìkòkò láàárọ̀, ó ń sun ún lọ́sàn-án, kò jẹ́ kó gbẹ.

"Ìlà ni wọ́n ń rà," ló wí fún Yánníbo aya rẹ̀, "wọn ò ra ìkòkò."

Kò pẹ́ tí Ẹfọ̀n fi kó àpáàdì wá sílé Òòrẹ̀, inú ń bí i fùfù.

"Ìyá Òòrẹ̀, epo tí mo fẹ́ fi ṣe ìnáwó ọmọ mi ti dà sílẹ̀!"

"Ọwọ́ ta lo ti ra ìkòkò?"

"Ọwọ́ Ìjàpá. Mo kó àpáàdì rẹ̀ padà lọ bá a, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ó ní ta ni kò mọ̀ pé Òòrẹ̀ ló nìlà mẹ́ta?"

Òòrẹ̀ fẹ́ bú sẹ́kún. Ó gbé ẹkún náà mì.

"Kí lo pe ohun tó wí?"

"Ó ní ẹ̀yin lẹ ni ín."

"Tún un wí."

Ẹfọ̀n tún un wí. Òòrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ẹfọ̀n, lọ pe gbogbo ẹni tí ìkòkò Ìjàpá ti fọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ẹ pàdé mi lẹ́yìn ògiri ààfin. Ẹ má wọlé o, títí n ó fi pè yín."

Òòrẹ̀ gba ààfin lọ, ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ síwájú ọba. Ọba ránṣẹ́ pe Ìjàpá. Ó yan wọ ààfin bí ọkọ ìyàwó.

"Kábíyèsí," ni Òòrẹ̀ wí, "n kò wá jà. Mo wá bi Ìjàpá léèrè ọ̀rọ̀ ni. Ìkòkò tó bá ní ìlà mẹ́ta nídìí, ti ta ni?"

"Tèmi!" ni Ìjàpá dáhùn.

"Èyí tó wà nílé Ẹfọ̀n ńkọ́?"

"Tèmi!"

"Ti ilé Ọ̀bọ?"

"Tèmi ni! Bí ẹ bá bá a nísàlẹ̀ odò, tèmi ni!"

"Bí ọ̀rọ̀ bá wà lórí rẹ̀, ta ni yóò dáhùn?"

"Èmi nìkan! Kí ẹni tó bá fẹ́ bá mi pín in jáde wá!"

Kìnnìún mi orí. "A ti gbọ́."

Òòrẹ̀ yíjú sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ wọlé o! Ẹni tí ẹ ń wá ti jẹ́wọ́."

Ẹfọ̀n wọlé pẹ̀lú àpáàdì. Ọ̀bọ wọlé, ẹ̀wà kún irun rẹ̀. Erin wọlé, ara rẹ̀ tutù rinrin.

"Ìdí ìkòkò já sínú iná!" ni Ọ̀bọ ké. "Ẹ̀wà paná, iná pẹ̀wà, ebi pa èmi!"

"Orí mi ni tèmi fọ́ sí," ni Erin wí. "Èmi Erin! Àwọn ọmọdé ń fi mí ṣẹ̀sín lójú omi."

Ìjàpá wo ọ̀tún. Ó wo òsì.

"Kábíyèsí, ìlà mẹ́ta kẹ̀? Mo rò pé wọ́n ní ìlà mẹ́rin ni."

Kìnnìún bú ramúramù. "Ti ta ni?"

"Ti Òòrẹ̀ ni! Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wo ẹ̀gún! Ti ìyá rẹ̀ ni, ti ìyá ìyá rẹ̀ ni! Ẹ̀gún rẹ̀ tó já bọ́ ni mo fi ń fà á!"

"Àkùkọ!" ni Òòrẹ̀ ké, kí Ìjàpá tó pa ẹnu dé. "Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́ ketekete, Ìyá."

"Ké e," ni ọba wí.

Àkùkọ fò sórí ògiri, ó lu apá pọ̀ gbà-gbà. "Ẹ gbọ́ o! Ìlà mẹ́ta, ti Òòrẹ̀ ni, ti Òòrẹ̀ ni, ti Òòrẹ̀ ni o!"

Ìjàpá ti ń yọ́ lọ.

"Dúró níbẹ̀," ni Kìnnìún wí. "Àmì ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Àpáàdì ṣì jẹ́ tìrẹ. Ìwọ lo mọ ọ́n, ìwọ lo tà á. Gbogbo ẹni tó fọ́ mọ́ lọ́wọ́, ìwọ ni wọn yóò wá bá, ìwọ ni yóò sì wá òmíràn fún wọn."

Erin gbé Òòrẹ̀ gun ẹ̀yìn, ẹ̀gún rẹ̀ ń gún un, kò tiẹ̀ bìkítà. Orin ni wọ́n kọ délé. Ẹ bá mi gbè é:

Ìlà mẹ́ta nídìí ìkòkò,
Gooro-n-goo!
Ta ló fà á tó gún régé?
Gooro-n-goo!
Òòrẹ̀ ló fà á, ìyá amọ̀kòkò,
Gooro-n-goo!
Ìjàpá gbàmì, ó gbàpáàdì,
Gooro-n-goo!

Lọ́jà tó tẹ̀ lé e, ìkòkò Òòrẹ̀ tán kí oòrùn tó yọ tán.

Ìjàpá ńkọ́? Bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ báyìí, á rò pé oníkòkò kan ló tún kó àpáàdì bọ̀. Kíá, á fa orí wọlé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹ fi ń rí i tó ń fa orí wọ inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́, kó yáa fi orúkọ rẹ̀ lélẹ̀ kí olè tó bá a fi í lélẹ̀. Ẹni tó bá sì gba orúkọ olórúkọ, kó múra sílẹ̀: orúkọ kì í dá wá, tòun tẹjọ́ rẹ̀ ni.

Ibi tí mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá bu omi là á, kí ẹnu mi dún kẹ̀ẹ̀ bí ìkòkò tó sán. Bí n kò bá bu omi là á, kí ó ró bíi ti Òòrẹ̀: gooro, gooro, gooro!