Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Aṣọ́lé Inú Kọ̀ǹpútà

Ààlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ òṣùpá!
—Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá lórí Ọ̀kẹ́rẹ́ ayàwòrán, tó ń kó fọ́tò gbogbo ẹranko pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rù kòkòrò tí í ba kọ̀ǹpútà jẹ́ ń bà á, ló bá fi apakòkòrò kan sínú rẹ̀ bí aṣọ́lé, kó máa ṣọ́ ọ. Kò pẹ́, kọ̀ǹpútà kún. Ọ̀kẹ́rẹ́ pa orin rẹ̀ rẹ́. Ó tún kún. Ó pa fọ́tò ìyá rẹ̀ rẹ́. Ó tún kún. Ló bá pa fọ́tò ìgbéyàwó Ẹtu rẹ́. Ẹ gbè é:

Aṣọ́lé, ta ló gbalé tán?
—Kì í ṣe èmi o!
Ta ló gba ẹní, tó gba àkéte?
—Kì í ṣe èmi o!

Àdán, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, wá wò ó. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, gbogbo kòkòrò tí aṣọ́lé rẹ pa, kò da òkú wọn nù. Inú yàrá tirẹ̀ nínú ilé rẹ ló ń tò wọ́n sí. Ìwọ wá ń lé onílé jáde."

Àdán kó wọn dànù, àyè bá ṣí gbayawu. Bí Ẹtu ṣe wọlé nìyẹn.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, fọ́tò ìgbéyàwó mi dà?"
"Kò sí mọ́."
"Olè wo ló kó o?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ wolẹ̀. Olè kankan ò wọlé rí.

Ibẹ̀ ni ààlọ́ mi sùn sí. Ẹ lọ wo yàrá aṣọ́lé yín.