Ọjọ́ Tí Àwọn Ọmọ Àwẹ̀ró Sọ Ọfà Kalẹ̀

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi rìn títí, ó dé ìlú àwọn Ọ̀yà tí odò là sí méjì. Ẹkùn ń jọba ní apá kan, Ìkookò ń jọba ní apá kejì. Àwẹ̀ró, ìyá Ọ̀yà kan, ń gbé ní apá ti Ẹkùn pẹ̀lú Àmọ̀ó ọmọ rẹ̀. Àtàndá, ẹ̀gbọ́n Àmọ̀ó, ti gbéyàwó sí òdìkejì.

Nígbà tí ọba méjèèjì dìjà, wọ́n kọ́kọ́ kó oúnjẹ àwọn Ọ̀yà. Lẹ́yìn náà, wọ́n wó afárá. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sógun.

Bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ṣe kojú ara wọn létí odò nìyẹn. Àwẹ̀ró sáré dé, ó ń sunkún, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Àmọ̀ó, má ta á o,
Ọmú kan lẹ mu!
Àtàndá, má ta á o,
Ọmú kan lẹ mu!

Àwọn méjèèjì sọ ọfà kalẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn," ni Àmọ̀ó wí. Ẹkùn pa á lójú ẹsẹ̀. Ìkookò náà pa Àtàndá.

Kò pẹ́ tí àwọn ọba fi parí ìjà. Wọ́n jọ jẹun, wọ́n ní kí Àwẹ̀ró wá kí àwọn kú oríire.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ jà, ẹ̀yin náà lẹ parí ẹ̀. Àwọn ọmọ mi ò jà, àwọn ló kú."

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀yà ti ń gbé inú eèsún, tí kì í jẹ́ ìpè ọba kankan.