Ìgbálẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Ọkùnrin kan wà láyé ìjọba òyìnbó, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin ìlú wọn. Ìkókó ni nígbà tí àwọn òyìnbó tú ilẹ̀kùn náà gbé lọ, bàbá rẹ̀ sì kú láìpẹ́. Kò mọ ojú bàbá, kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà tó darúgbó, tí ojú rẹ̀ ń di bàìbàì, ló gbọ́ pé ilẹ̀kùn náà wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ìjọba kọ́ sí olú ìlú. Ó ní ojú òun ò ní fọ́ kí òun tó rí i.

Owó orí ni wọ́n fi kọ́ ilé ọ̀hún o, tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó débẹ̀, aṣọ́nà, ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀, dí i lọ́nà. "Bàbá, ẹ má bínú. Òyìnbó nìkan ló ń wòran níbí."

Bó ti ń wí bẹ́ẹ̀ ni ẹni dúdú kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó wọlé lọ. Ìgbálẹ̀ ló mú dání.

Bàbá náà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó lọ ra ìgbálẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé, aṣọ́nà ò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀.

Ó ń gbálẹ̀ lọ títí ó fi kan ilẹ̀kùn náà. Háà. Ẹlẹ́ṣin, ìyá tó pọnmọ, ẹyẹ tó ń ṣa ọkà, gbogbo wọn dúró lára igi bí ẹni tó fẹ́ mí. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí bàbá rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́."

Aṣọ́nà sáré wá láti lé e. Ó gbójú sókè, ó rí ilẹ̀kùn. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣọ́ ọ, kò wò ó rí. Òun náà ṣí fìlà.

Láìpẹ́, bàbá náà padà dé láìmú ìgbálẹ̀, àwọn ará ìlú rẹ̀ tẹ̀lé e. Aṣọ́nà yẹ̀ fún wọn. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí ilẹ̀kùn náà ná, ta ni yóò gbà á lójú wọn?

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ìlú lé lọ́wọ́, ìwọ ni mò ń bá wí. Owó gbogbo wa la fi kọ́ gbọ̀ngàn náà. Mo sì ń wò ó pé àwọn àtìpó ìsàlẹ̀ odò kì í débẹ̀, àfi tí o bá ń wá ẹni tí yóò to àga. Nígbà tí ìpàdé bá tún yá, pè wọ́n wá jókòó.