Bí Erin Ṣe Ba Èdè Odídẹrẹ́ Jẹ́

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi yà sọ́dọ̀ Odídẹrẹ́, tìbínú-tìbínú ló fi ń bọ̀."

"Kó wọlé, a ti tẹ́ ẹní sílẹ̀!"

Ní ìgbà kan rí, àwọn ọdẹ gbọ́ èdè gbogbo ẹranko. Bí ẹranko kan bá kìlọ̀ fún èkejì, ọdẹ ti gbọ́. Ni àwọn ẹranko bá bẹ Odídẹrẹ́ pé kó dá èdè tuntun fún àwọn.

Odídẹrẹ́ ronú títí. Ó ní iye ẹni tó ń bọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Bó bá jẹ́ ẹnì kan, "abọ̀ pó": kí wọ́n sá pamọ́. Bó bá jẹ́ méjì, "abọ̀ pérè": kí wọ́n túká. Bí wọ́n bá pọ̀, "abọ̀ pìtì": kí oníkálukú sá sọdá odò.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wí i."

"Pó, pérè, pìtì!"

Àwọn ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé lọ́wọ́ òfo. Àfi ìgbà tí Erin, ọba wọn, gbọ́ pé "pó" ni wọ́n ń pe òun bí òun nìkan bá ń bọ̀. Ó ní ṣé òun àti eku ni wọ́n á jọ máa jẹ́ pó? Ó ní pìtì ni kí wọ́n máa pe òun, kí gbogbo ẹranko sì jáde wá kúnlẹ̀ bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ.

Odídẹrẹ́ ní, "Kábíyèsí, ẹ̀yin kan ṣoṣo náà ni. Bí a bá pè yín ní pìtì, kí la ó fi pe ogun?"

Erin ní kó panu mọ́ kí òun tó fa igi tó ń gbé tu. Odídẹrẹ́ wo ojú àwọn yòókù. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ó panu mọ́, pìtì sì di orúkọ Erin láti ọjọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀bọ tó ń ṣọ́nà rí ọdẹ àti ajá, wọ́n pọ̀ lọ súà. Ó ké pé, "Abọ̀ pìtì!"

"Wọ́n á mà kúnlẹ̀," Mosúnmọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́, wí.

Wọ́n kúnlẹ̀, ọmọ mi. Etu kúnlẹ̀, ó ní kí ọmọ rẹ̀ méjèèjì kúnlẹ̀. Ìbọn dún. Etu là á já, àwọn ọmọ kò là á já. Erin alára wà lódò, ó ń wẹ̀.

Nígbà tí Erin dé, ó ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Odídẹrẹ́ bà síwájú rẹ̀. Kò kí i.

"Ìwọ Erin, ẹyọ kan ni ọ́. Ẹyọ kan ni wọ́n bí ọ, ẹyọ kan ni wàá kú."

"Ó pe ọba ní ìwọ!" àwọn ọmọ pariwo.

Ó pè é bẹ́ẹ̀. Erin na ọwọ́jà rẹ̀ sókè, ó ń retí kí wọ́n kúnlẹ̀. Gbogbo wọn kẹ̀yìn sí i.

Etu wá bi Odídẹrẹ́ pé, "Ọmọ pérè ni mo ní. Kí ni kí n máa wí báyìí?"

Odídẹrẹ́ wá ọ̀rọ̀ náà tì. Kò dá ọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò sí mọ́. Inú bí i sí Erin, inú bí i sí ara rẹ̀ tó panu mọ́. Ó búra pé òun kò ní dá ọ̀rọ̀ kankan mọ́ láéláé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn bá sọ nìkan ni Odídẹrẹ́ ń tún sọ títí dòní.

Ọ̀wọ̀ dára, ẹ̀yin ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tìtorí ọ̀wọ̀ ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ẹ̀mí ẹlòmíràn ló fi ń ṣeré.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ahọ́n mi ta kókó.

"Kò ní ta kókó o!"