Èèrà Tó Wọ Yàrá Ìyàwó

“Ẹni bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀.” Ẹ gbọ́ ná! Èèrà tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, kí lèèyàn fẹ́ fi ìfun rẹ̀ ṣe? Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́ ẹni tí ìfun èèrà gbà sílẹ̀.

Ìyàwó tuntun kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ilé ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Òjéwọlé, ló ń gbé. Ọmọbìnrin Ìyá Òjéwọlé wálé wá bímọ. Nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, wọ́n ṣí ìkòkò oyin tí wọn yóò fi ṣàdúrà fún ọmọ. Ó ti ṣófo! Èèrà sì tò lọ rẹrẹ, wọ́n ń wọ yàrá Àwẹ̀ró.

“Háà! Ìyàwó, ìwọ lo jí oyin ọmọ tuntun!” Ìyá Òjéwọlé figbe ta. “Èèrà kì í tò síbi tí kò sí adùn. Di ẹrù rẹ. Kí oòrùn tó wọ̀, kí o ti wà nílé baba rẹ.”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹnu kàn án.”

Ta ló gbà á gbọ́? Ọkọ rẹ̀ pàápàá dorí kodò. Ìtìjú wo ló ju kí wọ́n dá ìyàwó padà nítorí olè jíjà?

Ọ̀sán pọ́n, gbogbo ilé ń tòògbé. Àwẹ̀ró ti di ẹrù tán. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń wo èèrà. Wọ́n kéré bí eruku. Orí wọn dúdú, ikùn wọn mọ́ gaara. Ó wò wọ́n títí ó fi ń ṣe é bíi pé òun náà ti di ọ̀kan nínú wọn, tó ń rìn lọ jẹ́ẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò bá a wí. Bó ṣe ń wò wọ́n bí ẹni tó wà lójú àlá ló rí i pé ikùn àwọn tó ń jáde ṣófo, ti àwọn tó ń wọlé sì pupa.

Kí lèyí? Ó fi èékánná tẹ ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, létí ìborùn funfun rẹ̀. Ìfun rẹ̀ yọ, ó pọ́n bí osùn!

“Yéè! Ilé wọn ló wà nínú ògiri mi. Ibòmíràn ni wọ́n ti ń jẹun!”

Ó tọpa wọn padà díẹ̀díẹ̀ títí dé àjà yàrá Ìyá Òjéwọlé. Igbá tí wọ́n ti fi po osùn rí wà níbẹ̀, oyin kún un dẹ́nu.

Ó pe Ìyá Òjéwọlé wá wò ó, ìyá sì fọwọ́ bo ẹnu. Òun fúnra rẹ̀ ló da oyin sí igbá osùn kí àwọn ọmọdé má baà lá a, torí ta ní ń lá osùn? Ayọ̀ ọmọ-ọmọ ló mú kó gbàgbé.

“Ìyàwó mi, ojú tì mí,” ló wí bó ti ń tú ẹrù Àwẹ̀ró. “Ìkánjú mi ì bá bà ọ́ lórúkọ jẹ́. Má lọ mọ́.”

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yára pe ẹlòmíràn lólè nínú ilé yẹn, Ìyá Òjéwọlé ló máa ń kọ́kọ́ sọ pé, “Rọra o! Ẹni bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀.”