Aṣọ Àdìrẹ Ṣọ́ọ̀ṣì Òkè-Ìrètí

Bàbá Ìjọ Fálúyì mọ Bíbélì kà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí, nítorí mo máa bá a wí láìpẹ́. Bí ó bá ka ìtàn ọmọ onínàákúnàá ní ṣọ́ọ̀ṣì Òkè-Ìrètí, àwọn obìnrin a máa nu ojú. Ogún ọdún ló ti ń kà á, kò fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Síbẹ̀, Famúyìwá, ọmọ tirẹ̀, wà ní abúlé Ìdí-Ọsàn tí kò jìnnà, kò sì gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ àgbàlá bàbá rẹ̀.

Famúyìwá ló bú bàbá rẹ̀ lójú àwọn àna, tí ó sì sá lọ sí ìlú òkè. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà ó padà, ó bẹ àwọn àgbà sí bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá ní òun kò gbà. Ọmọ wá ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé bí ó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, òun yóò wọ rélùwéè, wọn kò sì ní rí òun mọ́. Láti ìgbà náà ni Dọ́káàsì ìyá rẹ̀ kò ti lè jókòó. Á gbé ọbẹ̀ kaná, á gbàgbé rẹ̀. Á jáde sójú ọ̀nà, á wọlé, á tún jáde. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ títí, ọkọ ní kí ó jẹ́ kí òun ráyè múra ìwé kíkà ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan?

Sàkáráyà, olùkọ́ ìjọ, ti ṣàkíyèsí pé àwọn èèyàn ń sunkún sí ìtàn náà, wọ́n sì ń padà sílé bí wọ́n ṣe wá. Ó ní kí Wúràọlá aládìrẹ ya á sára aṣọ, kí òun lè nà án síwájú ìjọ kí wọ́n rí i. Wúràọlá fi ìyẹ́ adìyẹ tọ ẹ̀kọ sára aṣọ funfun, ó rẹ ẹ́ sínú aró, aró kò sì mú ibi tí ẹ̀kọ wà. Nígbà tí ó fọ ẹ̀kọ náà kúrò, àwòrán yọ funfun gbòò.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí Bàbá Ìjọ ti kàwé tán ni olùkọ́ tú aṣọ náà. Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bàbá arúgbó kan ló wà lára aṣọ náà, kò dé fìlà, ó ká agbádá dé orúnkún, ó ń sáré. Àwọn àgbà ń yí lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní àbùkù gbáà ni, ta ló rí àgbàlagbà tó ń sáré ní gbangba? Bàbá Ìjọ fúnra rẹ̀ dìde.

"Wúràọlá, ta lo yà síbẹ̀ yìí? Bàbá ni àbí wèrè?"

Wúràọlá kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ohun tí ẹ̀ ń kà fún wa náà ni mo yà. Ẹ ní ó rí ọmọ rẹ̀ lókèèrè, ó sì sáré."

Bàbá Ìjọ ṣí Bíbélì wò. Ó wo aṣọ. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì bà jẹ́. Lójijì ó gba ẹ̀gbẹ́ jáde, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Dọ́káàsì tẹ̀ lé e, ẹ̀rù ń bà á pé ìjà ló fẹ́ lọ jà. Nígbà tí ó fi máa dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ rẹ̀ ti ń sáré lọ lójú ọ̀nà Ìdí-Ọsàn.

Famúyìwá ń di ẹrù nígbà tí ó rí bàbá rẹ̀ lókèèrè tí ó ń sáré bọ̀. Àyà rẹ̀ já. Ó pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," ni bàbá wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Dìde, ọmọ mi. Jẹ́ ká lọ sílé."

Lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn bi Bàbá Ìjọ pé ṣebí òun ló ti ń ka ìtàn yìí láti ogún ọdún. Ó ní òun ń kà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kò rí bàbá yẹn rí àfi ọjọ́ tí Wúràọlá fi hàn òun. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn àgbà Òkè-Ìrètí gbé, tí wọ́n sọ ọ́ dòwe títí dòní, pé ìròyìn kò tó àfojúbà.